Ohùn Tòlótòló Tí Mo Fi Pe Ẹ̀gbọ́n Mi

Ojú mi yìí ni mo fi rí i. Kì í ṣe pé ẹnìkan ròyìn rẹ̀ fún mi, kì í ṣe pé mo sùn lọ lábẹ́ igi tí mo lá a, kì í sì í ṣe inú fóònù ni mo ti wò ó. Ojú mi méjèèjì, tí kò lo awò rí láyé, ni mo fi rí ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń bọ̀ láàárín ọ̀wọ́ tòlótòló igbó, tí àwọn ẹyẹ náà kò sì sá fún un. Àwọn tí mo ti sọ ọ́ fún ní Chicago níbí ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tòlótòló igbó kì í jẹ́ kí ènìyàn sún mọ́ òun. Ta ni yóò kọ́ èmi ní ìwà tòlótòló? Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé létí adágún yìí, kò sí ẹni tí ó mọ igbó tó mi, àfi ẹnìkan ṣoṣo. Ẹni náà sì ni ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyá kan náà ló bí wa. Òun ni àkọ́bí, èmi ni àbíkẹ́yìn, àwọn tí ó wà láàárín wa kò sì sí mọ́. Ọdẹ ni bàbá wa ní ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn, ọdẹ tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti igbó dé, àwọn aládùúgbò á ti máa fọ ìkòkò sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ wá sí Amẹ́ríkà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Skokie ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń fi ṣíbí bọ́ wọn, ó ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara wọn má baà jẹrà. Òun ló mú mi wá. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, mo kó lọ bá a nínú ilé alájà gíga tí ó wà ní Edgewater, a sì jọ ń gbé.

Tí ó bá di ìgbà ìwọ́wé, kùrukùru á bo adágún náà láàárọ̀, ènìyàn kò ní mọ ibi tí omi parí sí àti ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Á dà bí ẹni pé òfuurufú ni wọ́n so ilé wa rọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, á ní, "Àbúrò, òní dára fún ìgbẹ́." Èmi á ti máa wọ bàtà iṣẹ́ mi. Fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tí ó ń fi irin gbé ẹrù, ni mo ń wà ní wíáhàọ̀sì. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wà á, ẹrù kan kò tíì já bọ́ lórí irin mi. Ẹ bi àwọn tí a jọ ń ṣe ṣíìfù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbàgbé wọlé tọ̀ ọ́ wá. Kò fi ariwo wọlé, bíi kùrukùru náà ló ṣe wọlé. Ó gbé iyọ̀ sínú fíríìjì. Ó kí ìrun Alásárì tán, ó tún dìde ó kí i. Ó bi mí pé ibo ni ìyàwó òun lọ tí kò tíì dé. Ní ọjọ́ kan, ní àkókò yìnyín, wọ́n rí i ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, ó ń dúró de bọ́ọ̀sì Skokie kí ó lè lọ sí ibi iṣẹ́ tí ó ti fi sílẹ̀ tipẹ́.

Ó mọ ohun tí ó ń ṣe òun, nítorí pé àrùn náà ni ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ọkàn rẹ̀ mọ́ kedere, ó di ọwọ́ mi mú.

"Àbúrò, mo ti wẹ̀ fún àwọn tí ó gbàgbé orúkọ ara wọn. Òwúrọ̀ ni a máa ń gbé wọn jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, alẹ́ ni a máa ń gbé wọn kúrò. Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi síbẹ̀. Jẹ́ kí n máa rí igi."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá wà láyé, igi ni ẹ ó máa rí."

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì ni, ó ń gbé ní Tinley Park, ó sì ti rí ilé arúgbó kan tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, kò fẹ́ kí ohun búburú ṣe bàbá rẹ̀ ni. Ó wá bá wa ní ọjọ́ Sátidé tí mo ń nu àwọn ìbọn tí a fẹ́ gbé lọ sígbó lọ́jọ́ kejì. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ kí mi, bí àwọn ọmọ tí a bí síbí ṣe máa ń ṣe é, bí ẹni tí ó fẹ́ mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

"Ọ́ńkù, ìbọn kẹ̀? Ẹ fẹ́ fún Dáàdì ní ìbọn?"

"Ìbọn lásán ni. Ọta kò ní sí nínú rẹ̀. Àpò mi ni gbogbo ọta yóò wà. Ọdẹ tí kò bá gbé ìbọn kọ́ èjìká, ẹ̀yìn á máa ro ó."

"Ẹni tí ó ń gbàgbé ibi tí bálùwẹ̀ wà?"

"Bálùwẹ̀ ni ó gbàgbé. Kò gbàgbé igbó."

Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín jàjà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ọ́ńkù, ẹ̀yin àti ẹnu yín." Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Ó dáa. Bí ẹ ṣe mú wọn lọ ni kí ẹ mú wọn padà. Bí wọ́n bá padà wá láìsí nǹkan, n kò ní sọ̀rọ̀ ilé arúgbó mọ́ títí ọdún yóò fi yí po. Ṣùgbọ́n bí nǹkankan bá ṣe wọ́n, ó ti parí nìyẹn. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀, n kò sì ní gbọ́ àlàyé."

A ti rò pé ẹ̀gbọ́n mi sùn lórí àga. Láìlajú, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹran tí ẹ ń pín yìí ṣì wà láàyè o."

Lọ́jọ́ kejì, a kí ìrun Àsùbáà, a sì gbọ̀nà ìwọ̀ oòrùn. Oko àgbàdo ni gbogbo ọ̀nà náà, wọ́n ti kórè rẹ̀ tán, kìkì pòròpórò ló kù. Nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di òkè àti kòtò, tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi jí pátápátá. Ó ń ka igi fún mi bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀. Àgbẹ̀ òyìnbó kan ló ni igbó tí a ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́jú ìyá rẹ̀ títí ìyá náà fi kú, láti ìgbà náà ni ọkùnrin yìí sì ti ní kí a máa wá ṣọdẹ lórí ilẹ̀ òun ní gbogbo ìgbà ìwọ́wé. Ìwé àṣẹ ìjọba wà lápò mi, ti tòlótòló kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń dọdẹ tòlótòló ní àkókò yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí òtútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, akọ ni à ń pa, ohùn abo ni à ń fi tàn án, ìfẹ́ sì ni yóò gbé e wá síwájú ìbọn. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ìwọ́wé kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ti dàgbà ni wọ́n ń rìn pọ̀. Ohun tí ọdẹ yóò ṣe ni pé yóò sáré wọ àárín wọn, yóò tú wọn ká kí oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò jókòó sí ibi tí ó ti tú wọn ká gan-an, yóò sì máa fi ohùn ìyá wọn pè wọ́n. Ẹyẹ tí ó bá dá wà kò lè gbà á mọ́ra. Á máa dáhùn, "Kíì, kíì, kíì," á sì máa bọ̀. Ẹni tí ó bá dáhùn ló ń kú.

Àpótí igi kékeré kan ni a fi ń pè wọ́n, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìdérí rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀. A ó fi ṣọ́ọ̀kì pa á, a ó rọra fa ìdérí náà, igi á sì fọhùn bí abo tòlótòló. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbẹ́ ẹ, òun ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń lò ó, ṣùgbọ́n mo ti ju olùkọ́ mi lọ. Mo ti pe tòlótòló títí tí ọ̀kan nínú wọn fi wá wo ojú mi bí ẹni pé kí n sọ ibi tí ìyá òun wà.

A rí ọ̀wọ́ náà ní ẹsẹ̀ òkè, wọ́n ń tú ewé wò láti wá èso igi ńlá tí wọ́n ń pè ní óòkù jẹ. Oòrùn gba àárín igi wọlé, ìyẹ́ ara wọn sì ń dán bí bàbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi dúró kí n lọ tú wọn ká. Kò dúró. Arúgbó yìí na apá méjèèjì, ó sáré wọ àárín wọn, ó ń pariwo, "Ṣíì! Ṣíì!" bí ìgbà tí à ń lé adìyẹ kúrò lórí àgbàdo. Àwọn ẹyẹ gbéra, ariwo ìyẹ́ wọn dà bí ìgbà tí ogún obìnrin bá ń gbọn ẹní lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Wọ́n ti lọ! Bàbá á bínú sí wa!"

Bàbá wa ti kú kí n tó hu irùngbọ̀n. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, mo sì jẹ́ kí ó kọjá bí ewé tí ó ń já bọ́.

Mo fi í jókòó sídìí igi óòkù kan, èmi náà jókòó sídìí òmíràn níbi tí mo ti lè rí i. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ewé pupa, ewé tí ó pọ́n bí ìyeyè, wọ́n ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò kánjú. Mo pe àwọn ẹyẹ, kò sí ìdáhùn. Tòlótòló tí ẹ̀rù bá bà á máa ń pẹ́ kí ó tó lahùn. Nígbà tí àsìkò ìrun Àílà tó, mo tẹ́ aṣọ mi sílẹ̀, mo kírun. Mo sálámà sí ọ̀tún. Mo sálámà sí òsì. Apá òsì ni igi ẹ̀gbọ́n mi wà. Kò sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀, kò sì sí ìbọn.

Mo pe, "Ẹ̀gbọ́n!" Mo sáré gun òkè, mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà nínú mọ́tò, èmi fúnra mi ni mo rí i lórí àga nígbà tí a sọ̀. Mo pè é ní orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́, mo fi oríkì rẹ̀ lé e, mo pariwo débi pé ajá dáhùn láti abúlé òdìkejì. Ẹ̀gbọ́n mi kò dáhùn.

Ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé ó ń gbọ́ mi.

Nílé wa, ohun àkọ́kọ́ tí bàbá máa ń kọ́ ọmọ tí ó bá mú wọ igbó nìyí: bí a bá pe orúkọ rẹ nínú igbó, má dáhùn. Iwin mọ orúkọ, iwin mọ ohùn ìyá rẹ, ó mọ ti àbúrò rẹ. Ẹni tí ó bá jẹ́ ènìyàn yóò wá bá ọ, yóò jẹ́ kí o rí òun. Bí o kò bá rí i, kúrò níbi tí ohùn náà ti ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbàgbé bálùwẹ̀, ó ti gbàgbé ikú ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbàgbé èyí. Bí mo ṣe ń pè é tó ni ó ń jìnnà sí mi tó. Èmi ni mo ń fi ẹnu ara mi lé e lọ.

Mo pa ẹnu mi dé. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ìbọn ti dún. Gbàù! Láti ìsàlẹ̀ òkè, lápá odò kan tí ó wà níbẹ̀.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Gbogbo ọta mi pé. Níbo ni ó ti rí tirẹ̀? Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀, òtútù ilẹ̀ yìí kì í sì í mọ àgbà. Bí mo bá lọ pe àgbẹ̀ náà, tí ó pe ọlọ́pàá, wọn yóò máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ rẹ̀ nínú igbó, òun yóò sì máa sá lọ títí òtútù yóò fi bá a níbi tí ó bá fara pamọ́ sí.

Kò lè dáhùn ìpè ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọdẹ kan kò sí tí yóò gbọ́ ohùn ẹran tí kò ní wá a wá.

Mo yọ àpótí náà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tí ó bá ń fọhùn bí ẹyẹ níwájú ọdẹ tí ó ní ọta nínú ìbọn ti sọ ara rẹ̀ di ẹyẹ. Ọdẹ púpọ̀ ló ti jẹ ọta ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí ohùn yìí. Mo wá igi óòkù tí ó sanra jù, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo ní bísímílà, mo fa ìdérí.

N kò pe tòlótòló báyẹn rí. Mo pè é bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti rìn jìnnà. Mo pè, mo dúró, mo pè. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nǹkan kan dáhùn lókè, "Kíì, kíì." Òmíràn dáhùn lápá odò. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ewé gbígbẹ, ẹsẹ̀ tòlótòló kò sì yàtọ̀ sí ti ènìyàn bí ó bá ń rìn jẹ́jẹ́. Mo yọjú.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti kun gbogbo igbó. Eruku ewé dúró nínú ìmọ́lẹ̀ bíi wúrà tí a lọ̀. Wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè, láti odò, láti inú oko àgbàdo, wọ́n ń na ọrùn, wọ́n ń bi ara wọn léèrè. Ẹ̀gbọ́n mi sì wà láàárín wọn. Kò dé fìlà. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ní bàtà. Ewé wà nínú irun funfun rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ ni ó ń gbé ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n dúró, ó dúró. Ọ̀kan kọjá níwájú rẹ̀ débi pé ìrù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ṣòkòtò rẹ̀, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún yín níbẹ̀rẹ̀, ojú mi ni mo fi rí i.

Ẹnu mi ṣì là sílẹ̀ nígbà tí ó gbé ìbọn sójú, tí ó kọjú rẹ̀ sí igi mi. Ó ti rí nǹkan tí ó mì lẹ́yìn igi náà. Orí mi ni.

Bí mo bá pe orúkọ rẹ̀, iwin ni mí. Bí mo bá dákẹ́, ẹyẹ ni mí. Ní Chicago níbí, ìdọ̀bálẹ̀ wa ti kúrú. Ọwọ́ kan ni à ń nà sílẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ inú ilé ìtajà, orí lásán ni à ń mì. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí àyà mi ti kan ilẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Mo ju àpótí sọ́nù, mo jáde síwájú ìbọn, mo na gbogbo ara mi gbalaja sínú ewé, àyà, ikùn, iwájú orí.

"Ẹ kú ìgbẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ewu."

Àwọn ẹyẹ wọ inú igbó lọ láìpariwo. Mo gbọ́ èémí ẹ̀gbọ́n mi.

"Iwin kì í dọ̀bálẹ̀," ó ní. "Dìde. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ bàbá yín ni mí. Èmi ni àbúrò yín."

"Irọ́ ni. Àbúrò mi ṣì kéré. Ẹ̀yìn ìyá wa ló wà." Ó na ìbọn sí mi. "Ṣùgbọ́n o mọ ẹ̀kọ́. Bá mi gbé e, ó wúwo."

Mo ṣí ìbọn náà. Ọta kan ló kù nínú rẹ̀, ọta pupa àtijọ́. Nínú àpò inú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ó ti rí òun àti èyí tí ó yìn, láti ìgbà ìwọ́wé tí ó kọjá, níbi tí èmi kò ronú láti wò.

Ó ní, "Ta ló ń pe ẹyẹ yẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"O mọ̀ ọ́n pè. Mo rò pé ìyá wọn ni."

Mo ti ń retí kí ó yìn mí láti ìgbà tí mo ti ní làákàyè. Ìgbà tí ó yìn mí, kò mọ ẹni tí ó ń yìn.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, nítorí náà mo pọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbé mi lọ sóko rí. Ó fúyẹ́ bí ewé àgbàdo. Ó ń kọ orin kan sí mi létí, orin tí ìyá wa fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, bí a sì ṣe ń gun òkè náà nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó ń kú lọ, n kò mọ ẹni tí ó jẹ́ ọmọ nínú wa mọ́.

Ọmọ rẹ̀ ti ń dúró dè wá nísàlẹ̀ ilé ní Edgewater. Ó wo orí bàbá rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un pé, "Ọmọ dáadáa kan ló mú mi wálé. Ẹ fún un ní oúnjẹ."

Ọmọ náà yí ojú sí mi. Ó ti ní òun kò ní gbọ́ àlàyé, èmi náà kò sì ṣe é. Mo kàn fi ọta pupa náà lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wà nínú ilé arúgbó náà ní Tinley Park báyìí. Yàrá tí mo jà fún ni wọ́n fún un, igi méépù kan wà lójú fèrèsé rẹ̀, kò sì sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Mo padà lọ sí igbó yẹn, mo wá àpótí wa rí. Ní ọjọ́ Sátidé mo máa ń mú un lọ bá a. Á jókòó, ojú rẹ̀ á jìnnà. Èmi á fa ìdérí náà, jẹ́jẹ́. Á gbé orí sókè, á sì wo ojú ọ̀nà.

Ohun tí ó sọnù nìyí. Fìlà onírun kan. Bàtà kan, ti ẹsẹ̀ òsì. Ọta kan tí ó yìn, ọta kan tí ọmọ rẹ̀ gbà. Ìbọn méjì, mo ti tà wọ́n. Yàrá kan tí ó kọjú sí adágún. Orúkọ mi, lẹ́nu ẹnìkan. Tòlótòló tí ó sọnù, kò sí. Gbogbo wọn pé.